Àmì Kan, Ìtumọ̀ Méjì: Ìtàn Sáfà Kẹjọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ó rántí pé mo máa ń sọ fún yín ní kíláàsì pé àmì kò ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀. Àdéhùn àwọn tó ń lò ó ló ń fún un ní ìtumọ̀. Àrokò ni mo sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọkàn òun fà sí i, nítorí a gbọ́ "fà" nínú ẹẹ́fà. Bí ẹni tó gbà á kò bá mọ àdéhùn náà ńkọ́? Ẹyọ owó lásán ló rí gbà.

Irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ó ná iléeṣẹ́ kan ní ohun tó lé ní 460 mílíọ̀nù dọ́là.

Knight Capital lorúkọ iléeṣẹ́ náà. Alágbàtà ìpín ìdókòòwò ni wọ́n, ní New Jersey. Wọ́n ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ SMARS, tó ń gba àṣẹ ríra àti títà, tó sì ń pín in sí wẹ́wẹ́ kó tó fi ránṣẹ́ sọ́jà. Orí sáfà mẹ́jọ ni ètò yìí ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, nítorí náà ohun kan náà ló yẹ kó wà nínú wọn.

Ọjà ìpín ìdókòòwò ti New York fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun kan ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún náà. Knight wá kọ kóòdù tuntun láti fi bá a lọ. Ṣùgbọ́n kóòdù àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Power Peg ṣì wà nínú SMARS. Láti 2003 ni wọn ò ti lò ó mọ́, wọn ò kàn yọ ọ́ dànù. Àmì kan wà tó máa ń jí Power Peg yìí dìde. Àmì yẹn gan-an ni wọ́n tún mú fún iṣẹ́ tuntun.

Nínú èdè, àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi làwọn baba wa mọ̀ kí mọ́tò tó dé. Nígbà tó dé, a pe òun náà ní ọkọ̀. Bí mo bá ní kí ọmọ mi lọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, kò ní máa wá odò kiri. Ènìyàn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ 27 oṣù keje ni wọ́n ti ń gbé kóòdù tuntun sórí àwọn sáfà, díẹ̀díẹ̀. Méje gbà á. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é kò gbé e sórí ìkẹjọ. Kò sí ẹnì kejì tó yẹ iṣẹ́ náà wò, kò sì sí ìlànà kankan lákọsílẹ̀ tó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Báyìí ni àmì kan ṣe ní ìtumọ̀ tuntun lórí sáfà méje, tó sì ní ìtumọ̀ àtijọ́ lórí ìkẹjọ.

Kò tán síbẹ̀ o. Tẹ́lẹ̀, ohun kan wà tó ń ka iye ìpín tí wọ́n ti rà, kí Power Peg lè mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Lọ́dún 2005, wọ́n gbé ìkà yìí lọ síbòmíràn nínú ètò náà, wọn ò sì dán Power Peg wò lẹ́yìn náà. Nígbà tó wá jí, kò mọ "ó tó" mọ́.

Kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ètò náà fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ sáwọn òṣìṣẹ́, tó dárúkọ Power Peg. Ẹnikẹ́ni ò kà á sí ìkìlọ̀. Àṣẹ 212 péré ló dé ọ̀dọ̀ Power Peg, ṣe ló ń fi ránṣẹ́ sọ́jà láìdúró. Ìgbà táwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ tún un ṣe, wọ́n yọ kóòdù tuntun kúrò lórí àwọn méje tó dára! Gbogbo mẹ́jọ̀ọ̀jọ wá ń gbọ́ àmì náà bí ìkẹjọ ṣe ń gbọ́ ọ. Kó tó rọlẹ̀, òwò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ti wáyé, lórí ìpín tó lé ní 397 mílíọ̀nù. Àwọn olùdókòòwò ló fi 400 mílíọ̀nù dọ́là dóòlà iléeṣẹ́ náà. Lọ́dún 2013, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ mìíràn, ìjọba sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 12 dọ́là lé wọn.

Àwọn kan ní òṣìṣẹ́ yẹn ló gbàgbé. Èmi ò lè di gbogbo ẹrù náà lé e lórí. Ta ló fi ọ̀rọ̀ tó ti kú sílẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án? Ta ló tún un lò? Ta ló gbà pé gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ló ń gbọ́ bákan náà?

Lọ́dún 2011, Adam Wiggins ti Heroku ti kọ ìlànà kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Twelve-Factor App. Ó ní kí kóòdù jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Ohun tó bá yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, bí àdírẹ́ẹ̀sì àti ọ̀rọ̀ aṣínà, kó wà lóde kóòdù. Onímọ̀ èdè á tètè lóye èyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "níbí" jẹ́, ì báà jẹ́ Èkó, ì báà jẹ́ Ọ̀yọ́. Ibi tá a bá dúró sí ló ń parí ìtumọ̀ rẹ̀.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọlúàbí o. Odidi ni kẹ́ ẹ máa sọ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí ní báńkì, kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ẹlòmíràn bá yín wò ó, kẹ́ ẹ sì bi ara yín pé: sáfà kẹjọ ńkọ́?