Ìjà Ò Dọlà: Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Inú Àhámọ́ Onígun Mẹ́jọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì fara sin: ẹni tó bá ń jà kiri kò ní fi ìjà kọ́lé, orúkọ oníjà nìkan ni yóò kù sí i lára. Ṣùgbọ́n ní òde òní, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan wà tí ìjà sọ lórúkọ, tó sì tún sọ di ọlọ́rọ̀. Ṣé òwe ti yẹ̀ ni, àbí àwọn tó ń pa á kò mọ irú ìjà tí ń bọ̀? Kí á tó dáhùn ìbéèrè yìí, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìjà.

Yorùbá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo rẹ̀. Èyí tí ẹni méjì ń jà nítorí ìbínú, ìjà ni. Èyí tí ìlú fi ń kó ìlú, ogun ni. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lójú agbo, tí ẹnì kan ń wá bí ẹ̀yìn ẹnì kejì yóò ṣe kanlẹ̀, ìjàkadì ni, àwọn mìíràn a máa pè é ní gídígbò, eré sì ni wọ́n kà á sí. Ohun mẹ́ta ló yà á sọ́tọ̀. Èkíní ni ààlà: ó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ní ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ parí. Èkejì ni onídàájọ́: àgbà kan wà níbẹ̀ tó lè sọ pé ó tó, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì múlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìpadàsílé: ẹni tó dáni àti ẹni tí wọ́n dá jọ ń gbé ìlú kan náà, wọ́n sì lè pàdé lọ́nà oko lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Ìlú tó bá fẹ́ rí bí àwọn baba ńlá ṣe mú ìjà wá sábẹ́ òfin, kí ó wo Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dá sọ pé Ọbàtálá ni Olódùmarè kọ́kọ́ fi iṣẹ́ dídá ilẹ̀ rán, ṣùgbọ́n ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì ṣe iṣẹ́ náà. Láti ibẹ̀ ni aáwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì lórí ẹni tó ni ilẹ̀. Ìlú kò gbàgbé aáwọ̀ yìí, kò sì jẹ́ kí ó máa pa ènìyàn lọ títí. Wọ́n sọ ọ́ di ọdún. Ọdún Ìtàpá tí wọ́n ń ṣe fún Ọbàtálá ní Ifẹ̀ jẹ́ ọ̀nà láti rántí rẹ̀. Bákan náà ni ọdún Ẹdì ń rántí Mọ́remí, obìnrin tó jẹ́ kí àwọn ọ̀tá mú òun lọ kí ó lè mọ àṣírí wọn, tí Ifẹ̀ sì ti ipa bẹ́ẹ̀ fi iná ṣẹ́gun àwọn tó ń fi ìko bora wá kó wọn lẹ́rù.

Ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí Ifẹ̀, àṣà yìí tilẹ̀ hàn gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ulli Beier kọ ìwé jáde ní ọdún 1959 lórí àwọn ọdún ìlú náà. Nínú ọdún Ọbàtálá níbẹ̀, àwòrò méjì a máa bá ara wọn jà lójú ìlú. Wọ́n á ṣẹ́gun Ajagẹmọ, wọ́n á mú un nígbèkùn lọ, Tìmì á sì san owó ìràpadà rẹ̀, wọn á fi ìlù àti ayọ̀ gbé e padà wálé. Gbogbo ènìyàn ló ti mọ ẹni tí yóò ṣubú kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n wá wò ni pé ẹni tó ṣubú yóò padà wálé.

Ìjàkadì ti àwọn ọ̀dọ́ náà tẹ̀lé ìlànà yìí. Àwọn ará Ọ̀fà ka ìjàkadì sí orò ìlú wọn títí di òní, wọ́n sì ń fi í yangàn nínú oríkì. D. O. Fágúnwà pàápàá, nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, jẹ́ kí Akàrà-oògùn àti Àgbákò wọ̀yá ìjà, nítorí ó mọ̀ pé òǹkàwé Yorùbá yóò lóye akọni nípa bí ó ṣe ń di alátakò rẹ̀ mú. Lójú agbo, kì í ṣe ẹnì kan ló ń jà. Ìlù ń sọ̀rọ̀, ìyá ń ki ọmọ rẹ̀, agbo-ilé rẹ̀ tò yí i ká. Bí ó bá ṣubú, àwọn kan náà ni yóò gbé e dìde.

Ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ kan náà mọ ohun tí ìjà ń dà nígbà tí kò bá sí ààlà. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ogun lé wá fi ìdí kalẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀. Ìlú méjèèjì jà ní ọ̀rúndún náà, wọ́n tún jà ní 1981 àti 1983. Ní 1997, ọ̀rọ̀ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ tún dá iná sílẹ̀, iná náà kò sì rọlẹ̀ títí di ọdún 2000. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn tó jọ ń ná ọjà kan náà di ọ̀tá. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ wọn jà níbẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ti ìhín àti ti ọ̀hún. Agbára tí ọdún ń gbà mọ́ra ní ọjọ́ kan, ogun gbà á lò fún ọdún mẹ́ta. Kò sí onídàájọ́ tí ìhà méjèèjì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè sọ pé ó tó. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìjà tó ní òfin kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán ní ìlú yìí.

Nígbà tí àwọn òyìnbó mú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn wá, kò ṣòro fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti gbà á, nítorí ó ní ààlà, ó sì ní onídàájọ́. Ní 1957, Hogan Bassey, ọmọ Kàlàbá, di abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó ta gbogbo ayé yọ nínú ìpele àwọn tí ara wọn fúyẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger kojú Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, pápá tí wọ́n sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010. Ìgbà kẹta nìyí tí àwọn méjèèjì yóò pàdé. Lẹ́yìn abala keje, àwọn tó wà lẹ́yìn Fullmer ní ó tó. Kò tíì sí irú ìjà bẹ́ẹ̀ fún ipò àgbáyé ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú Áfríkà ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Nojim Maiyegun gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nínú ìdíje náà.

Ìjà MMA yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, nítorí ó da ẹ̀ṣẹ́, ìpá, ìgbéṣánlẹ̀ àti fífún ọrùn pọ̀ mọ́ ara wọn. Nígbà tí UFC bẹ̀rẹ̀ ní Denver ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, òfin rẹ̀ kò tó nǹkan: kí wọ́n má geni jẹ, kí wọ́n má fi ìka gún ojú. Kò sí ìpele ìwọ̀n ara. Ẹni kékeré lè bá òmìrán jà. Royce Gracie ti ilẹ̀ Bùràsíìlì, tí kò sanra tó ọ̀pọ̀ nínú wọn, ló borí, ó fi hàn pé ìmọ̀ ju agbára lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra ohun tí wọ́n rí. Sẹ́nétọ̀ John McCain fi í wé ìjà àkùkọ, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì lé e jáde. Òfin ló gbà á là. Ní nǹkan bí ọdún 2000 sí 2001, wọ́n ṣe ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò máa tẹ̀ lé: ìpele ìwọ̀n ara, iye ìṣẹ́jú, ìbọ̀wọ́, dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àhámọ́, àti ẹ̀tọ́ oníjà láti fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ láti sọ pé ó tó fún òun.

Síbẹ̀ owó kò wọlé. Ní 2001, àwọn tó ra ilé-iṣẹ́ náà san mílíọ̀nù 2 dọ́là péré. Ní 2005, wọ́n fi owó ara wọn ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n kan, The Ultimate Fighter. Àwọn ará Nàìjíríà mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ dáadáa: Gulder Ultimate Search ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín ní 2004, Big Brother Nigeria sì tẹ̀ lé e ní 2006. Wọ́n kó oníjà 16 sínú ilé kan ní Las Vegas, wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì lábẹ́ Randy Couture àti Chuck Liddell, wọ́n ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ń jà, ẹni tó bá pàdánù ń jáde. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún náà, Forrest Griffin àti Stephan Bonnar ja abala mẹ́ta tí àwọn ènìyàn kò gbàgbé. Griffin ló borí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n fún ní àdéhùn iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ojú agbo ìjàkadì yóò mọ̀ pé ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe: ẹni tó jà dáadáa tó sì ṣubú, ìlú kì í ta á nù.

Níbi yìí ni àgbà Yorùbá kan yóò ti mi orí. Nínú ilé yẹn, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí fóònù, kò sí ẹbí. Ọtí wà ní àrọ́wọ́tó, kámẹ́rà sì ń ṣọ́ ìgbà tí ìbínú yóò ru. Àhámọ́ ní òfin, ṣùgbọ́n ilé kò fẹ́ kí òfin rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí ìjà tó bá bẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ń retí. Oníjà ojú agbo ń lọ pẹ̀lú agbo-ilé rẹ̀. Oníjà inú ilé yìí, òun nìkan ṣoṣo ni. Bí ó bá ṣubú, àpótí rẹ̀ ni yóò gbé.

Ní 2015, wọ́n yí ètò náà padà. Dípò kí wọ́n kó àjèjì jọ, ilé ìkọ́jà méjì láti Florida ni wọ́n mú dojú kọ ara wọn, oníjà kọ̀ọ̀kan sì ń jà fún àwọn ará rẹ̀. Nínú ọdún náà ni Kamaru Usman, tí wọ́n bí ní Auchi ní 1987, fi apá fún Hayder Hassan lọ́rùn ní abala kejì, ó sì borí. Ọmọ ìjàkadì ni Usman: ó ti gba ipò kìíní láàárín àwọn yunifásítì onípele kejì ní Amẹ́ríkà ní 2010. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ó di ọmọ bíbí Áfríkà àkọ́kọ́ tó gba ìgbànú UFC.

Ní ọdún 2019 kan náà ni Israel Adesanya, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó, tó sì dàgbà sí New Zealand, gba tirẹ̀. Òun kò gba inú ilé kámẹ́rà kọjá. Síbẹ̀, àwọn méjì tó ṣẹ́gun lọ́dún náà, Kelvin Gastelum ní oṣù kẹrin àti Robert Whittaker ní oṣù kẹwàá, ti fìgbà kan borí nínú ètò náà. Nígbà tí Francis Ngannou ti Kamẹrúùnù gba ìgbànú àwọn òmìrán ní oṣù kẹta 2021, ọmọ Áfríkà mẹ́ta ló jókòó sórí ìtẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, títí Usman fi pàdánù tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2022.

Ǹjẹ́ ìjà ti wá dọlà? Ó dọlà fún àwọn kan. Ní 2016, wọ́n ta ilé-iṣẹ́ tí wọ́n rà ní mílíọ̀nù 2 dọ́là ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4. Ṣùgbọ́n àwọn oníjà kan pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ pé owó àwọn kò tó iṣẹ́ àwọn, ẹjọ́ náà sì parí pẹ̀lú àdéhùn mílíọ̀nù 375 dọ́là. Fún Usman kan tó là, ọ̀pọ̀ ló wọ inú ilé náà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́; orúkọ tí òwe ṣèlérí pàápàá kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Láti 1928 sì ni Harrison Martland, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa ohun tí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ́ sórí lemọ́lemọ́ ń ṣe fún ọpọlọ. Owó kò lè ra ọpọlọ padà.

Òwe kò yẹ̀, nígbà náà. Ohun tó sọ ni pé ìjà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọlà. Ohun tó yí i padà fún Usman ni ẹ̀kọ́: ilé-ìwé tó ní pápá ìjàkadì, olùkọ́ tó mọṣẹ́, ọdún tó pọ̀ kó tó jà fún owó. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí. Odunayo Adekuoroye fi ìjàkadì gba wúrà ìdíje Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022, ó sì jẹ́ kí ó yé àwọn ọmọbìnrin pé ojú agbo kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan.

Ilé-Ifẹ̀ ní yunifásítì, ó ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ó ní ọ̀dọ́ tí ara wọn le, ní Ifẹ̀ àti ní Modákẹ́kẹ́. Ohun tó yẹ kí àwọn àgbà fún wọn kò wọ́n jù: yanrìn tó mọ́, olùkọ́, dókítà, àti ọjọ́ kan lọ́dún tí àwọn ọmọ ìlú méjèèjì yóò jọ pàdé lójú agbo, kí ẹbí wọn sì wà níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí kò bá rí agbo tó ní òfin jà nínú rẹ̀ kò ní ṣaláì jà. Òpópónà ni yóò ti jà, kò sì ní sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó tó.