Ìwé láti Ilé Ìtẹ̀wé Olómìnira: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bí sí òkè òkun máa ń béèrè ibi tí àwọn ti lè rí ìwé nípa Yorùbá tó ju ìwé ABD àti Bíbélì lọ. Ìwé wà. Ohun tí wọn kì í fi í tètè rí wọn ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ọwọ́ àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké jáde, ìwé irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà dé orí àtẹ àwọn ilé ìtàwé ńlá. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí ilé ìtẹ̀wé olómìnira jẹ́, ó mú ìwé mẹ́sàn-án kalẹ̀, ó sì sọ bí ẹ ṣe lè tò wọ́n kà.

Kí ni ilé ìtẹ̀wé olómìnira?

Òun ni ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé jáde tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn. Ẹni tó dá a sílẹ̀, tàbí àwọn ènìyàn díẹ̀ tó jọ ni ín, ló ń pinnu ìwé tí wọn yóò tẹ̀. Owó wọn kì í pọ̀, nítorí náà ẹ̀dà tí wọ́n ń tẹ̀ kì í pọ̀. Bí ìwé wọn bá tán lọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀, ó lè máà padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá dúró lè gba ìwé tí ẹlòmíràn yóò sọ pé kò ní í tà.

Ìwé tí a fi Yorùbá kọ

*Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá* (ìtàn àròsọ). Ní ọdún 1929, I. B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ṣàìsàn ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀ àti àwọn ọkùnrin tó ti bá rìn. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, àmọ́ àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin náà wà lóòótọ́. Ó di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ní 2012, Karin Barber tún un gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìkàwé yunifásítì ni kí ẹ ti wá a.

*Baṣọ̀run Gáà* (eré oníṣe), láti ọwọ́ Adébáyọ̀ Fálétí. Oníbọnòjé Press ní Ìbàdàn ló tẹ̀ ẹ́ ní 1972. Lásìkò yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bíi Longman àti Nelson ló gba iwájú nínú ìwé títẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ló ni Oníbọnòjé. Eré náà dá lórí Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ tí agbára rẹ̀ ju ti ọba lọ, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774.

*Rẹ́rẹ́ Rún* (eré oníṣe), láti ọwọ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Oníbọnòjé náà ló tẹ̀ ẹ́, ní 1973. Nínú ìjà ti ibí yìí, àwọn òṣìṣẹ́ àti Láwúwo, olórí wọn, ló ń bá àwọn aláṣẹ fa ọ̀rọ̀.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí orísun rẹ̀ jẹ́ Yorùbá

*Stay With Me* (ìtàn àròsọ), láti ọwọ́ Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, 2017. Ìtàn tọkọtaya kan ní Iléṣà ni, àwọn tí wọ́n ń wá ọmọ. Canongate ní Edinburgh ló tẹ̀ ẹ́ fún Bírítéènì, Ouida Books, tí Lọlá Ṣónẹ́yìn dá sílẹ̀, ló sì tẹ̀ ẹ́ fún Nàìjíríà.

*Longthroat Memoirs* (àròkọ), láti ọwọ́ Yẹmisí Aríbisálà, 2016. Cassava Republic, ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abuja ní 2006, ló tẹ̀ ẹ́. Oúnjẹ Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ẹ bá ti jẹun ọbẹ̀ tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ rí, ẹ máa gbádùn rẹ̀.

*Forest of a Thousand Daemons* (ìtàn àròsọ). Wole Soyinka ló túmọ̀ *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938. Ìtumọ̀ náà kọ́kọ́ jáde ní 1968. Ní 2013, City Lights, ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní San Francisco, tún un tẹ̀, èyí sì mú un sún mọ́ òǹkàwé tó wà ní Amẹ́ríkà.

Ìwé láti ọwọ́ àwọn ọmọ àti ará ẹ̀yìn odi

*Lara* (ìtàn àròsọ tí a fi ewì kọ), láti ọwọ́ Bernardine Evaristo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ìtàn náà ń ti London padà sí Èkó, ó sì ń ti Èkó padà sí Brazil, nítorí pé àwọn baba ńlá ìdílé náà wà lára àwọn tí Èkó ń pè ní Àgùdà. Angela Royal Publishing ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1997. Bloodaxe tẹ ẹ̀dà tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2009.

*Anagó: vocabulario lucumí* (àkójọ ọ̀rọ̀), láti ọwọ́ Lydia Cabrera, Havana, 1957. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá Ediciones C.R. tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kù sẹ́nu àwọn ará Kúbà ló kó jọ. Àkọtọ́ Sípéènì ni wọ́n fi kọ wọ́n, nítorí náà Changó ni Ṣàngó, Ochún sì ni Ọ̀ṣun. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà jáde kí ẹ tó wá ìtumọ̀ rẹ̀. Etí máa ń mọ ohun tí ojú kò mọ̀.

*Caroço de Dendê* (ìtàn àti ìmọ̀ ilé òrìṣà), láti ọwọ́ Mãe Beata de Yemonjá. Pallas ní Rio de Janeiro ló tẹ̀ ẹ́ ní 1997. Èdè Potogí ni ìyálòrìṣà yìí fi kọ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé.

Bí ẹ ṣe lè tò wọ́n kà

1. Bí ẹ kò bá tíì lè ka Yorùbá, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *Stay With Me*. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ kọ gbogbo orúkọ àti ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀ sí i, kí ẹ sì tú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àkọlé ìwé náà gan-an jẹ́ orúkọ: "dúró tì mí" ni Rótìmí. Ẹ̀bẹ̀ tí òbí máa ń bẹ ọmọ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè jẹ́ àbíkú ni.

2. Bí ẹ bá ń ka gbólóhùn ṣùgbọ́n tí ojú ewé kan ń pẹ́ yín, ẹ mú eré oníṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ó sì ṣeé pín. Ẹ pe ìyá tàbí bàbá yín àgbà lórí fóònù, kí ẹ ka apá kan, kí àwọn ka ìkejì. Wọn yóò tún ohùn yín ṣe láìjẹ́ pé ẹ béèrè.

3. Bí ẹ bá ti ń kà dáadáa, ẹ gbé èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: Sẹ̀gilọlá pẹ̀lú ìtumọ̀ Barber, tàbí Fágúnwà pẹ̀lú ti Soyinka. Ẹ ka ìpínrọ̀ kan ní Yorùbá kí ẹ tó wo Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ó rí i pé àwọn ibì kan wà tí Soyinka kò tẹ̀ lé Fágúnwà ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àkọtọ́ àtijọ́ dẹ́rù bà yín. "Aiye" ni ayé, "enia" ni ènìyàn, "ẹiyẹ" sì ni ẹyẹ. Àkọtọ́ tí à ń kọ́ yín lónìí fìdí múlẹ̀ ní 1974, nítorí náà kì í ṣe àṣìṣe ni ohun tí ẹ ń rí.

Kí ẹ tó rà á

Ẹ ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé àkọlé. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí orúkọ ilé ìtẹ̀wé, ìlú àti ọdún. Bí ẹ bá ń lọ sí Nàìjíríà fún ìsinmi, ẹ̀dà ti ibẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú tí wọ́n ń tà lójú títì: kò sí kọ́bọ̀ kan nínú owó rẹ̀ tó ń dé ọwọ́ òǹkọ̀wé tàbí ilé ìtẹ̀wé. Bí ẹ kò bá lówó ìwé, ẹ sọ fún ilé ìkàwé àdúgbò yín pé kí wọ́n bá yín rà á. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kì í mọ̀ pé ẹ wà àfi bí ẹ bá béèrè, iye ẹni tó béèrè ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀

Ìtàn àròsọ: ìtàn tí òǹkọ̀wé fi ọkàn rò.
Eré oníṣe: ìwé tí a kọ kí àwọn òṣèré lè ṣe é lórí ìtàgé.
Ẹ̀dà: ẹyọ kan nínú iye ìwé tí a tẹ̀.
Àkọtọ́: ìlànà tí a fi ń kọ èdè sílẹ̀.
Ayédèrú: ohun tí kì í ṣe ojúlówó.