Ọyàn Abiyamọ: Bí Iyì Ṣe Di Ìtìjú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ère igi tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ sí ojúbọ Ṣàngó rí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin tó kúnlẹ̀, tó pọn ọmọ tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú, tí ọyàn rẹ̀ sì hàn gbangba. Agbẹ́gilére kò fi ọyàn náà pamọ́, nítorí ohun iyì ni. Lóòótọ́, àwọn àgbà yin ọmú ọlọ́mọge, ṣùgbọ́n wọ́n ya ìyìn abiyamọ sọ́tọ̀.

Láyé àtijọ́, obìnrin Yorùbá lè fọ́mọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Ìwádìí tí John àti Pat Caldwell gbé jáde ní ọdún 1977 fi hàn pé tọkọtaya kì í bá ara wọn sùn ní àsìkò náà, kí oyún mìíràn má baà pa ọmọ ọwọ́ lára.

Nígbà tí wàrà inú agolo dé, nǹkan yí padà. Àwọn tó ń tà á lo àwòrán ọmọ tó sanra, wọ́n sì rán àwọn obìnrin tó múra bíi nọ́ọ̀sì lọ bá àwọn ìyá ní ilé ìwòsàn. Níbi tí omi kò ti mọ́, tí owó agolo mìíràn kò sì sí, ìyá á bomi la wàrà náà, ìgbẹ́ gbuuru á sì kọlu ọmọ. Ní ọdún 1939, Dókítà Cicely Williams, tó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, sọ ní Singapore pé ìpànìyàn ni irú ikú bẹ́ẹ̀. Ní 1977, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà Nestlé. Ní 1981, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìlànà lélẹ̀ lórí títa wàrà ọmọdé. Ní 1990, Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀. Ní 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin ní ìsinmi oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́.

Àwọn òfin yìí gbèjà ọyàn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè mú ìtìjú kúrò. Ní Ìpájà níbí, a ṣì ń gbọ́ kí wọ́n máa sọ fún ìyá tuntun pé, "Tètè já ọmọ yìí lẹ́nu ọmú o, kí ọmú ẹ má baà já!" Àwọn mìíràn sì ń gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí kan láti Kentucky, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, fi hàn pé fífún ọmọ lọ́mú kọ́ ló ń mú ọyàn já. Iye oyún, ọjọ́ orí, ìsanra àti sìgá mímu ló ń fà á. Nítorí náà, ìyá tó fi ọmú du ọmọ nítorí ẹwà kò jèrè: ọmọ pàdánù wàrà, ọyàn kò sì tún padà sí ti ọlọ́mọge.

Kí ọkọ, ìyá ọkọ àti ọ̀rẹ́ ṣọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí abiyamọ. Ojú tí àwọn agbẹ́gilére fi wò ó ni kí àwa náà fi wò ó.