Omidùn àti Hóró Oògùn

Ní Ìgbò-Ọrà àti Èrúwà, ta ni kò mọ omidùn, omi kíkan orí ògì? Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń mú un kan. Ní 1907, Metchnikoff, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà tí ń ṣiṣẹ́ ní Párísì, kọ̀wé pé irú wọn nínú wàrà kíkan lè mú ẹ̀mí gùn. Òun náà ń mu ún. Ẹni 71 ọdún ni nígbà tí ó kú ní 1916.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń kó kòkòrò náà sínú hóró oògùn, wọ́n sì fún àwọn tí eruku ń mú sín. Àwọn kan rí ìtura díẹ̀, àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan. Ẹ máa mu omidùn bí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, tí èémí ọmọ ń há, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.