Òrí Parakou níwájú òfin ìhùmọ̀

Ní agbègbè Borgou ní Benin, níbi tí Parakou ti jẹ́ ìlú ọjà àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò kí ojú irin tó wá láti Cotonou tó dé ibẹ̀ ní 1936, iṣẹ́ obìnrin ni òrí ṣíṣe: wọn a ṣa èso tó já bọ́ lábẹ́ igi, wọn a sè é, wọn a sá kóró rẹ̀, wọn a fọ́ ọ, wọn a yan án, wọn a sì lọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi omi pò ó, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ lù ú títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Ọ̀rá yìí ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀, tí wọ́n fi ń pa ara ọmọ, tí wọ́n sì fi ń pa irun, nítorí pé ó máa ń bo irun, kì í sì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tètè gbẹ.

Òfin Faransé ti 1844 lórí páténtì, ìyẹn ìwé tí ó fún olùhùmọ̀ nìkan láṣẹ láti jẹ èrè ìhùmọ̀ rẹ̀ fún iye ọdún kan, kò béèrè bóyá ìhùmọ̀ náà hàn gbangba sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Kí ó ṣáà ti jẹ́ tuntun. Ìgbà tó di 1968 ni Faransé fi ìbéèrè yẹn kún òfin rẹ̀, nígbà tí Dahomey, orúkọ tí Benin, tó wà lábẹ́ Faransé tẹ́lẹ̀, ń jẹ́ nígbà náà, ti dara pọ̀ mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó tọwọ́ bọ àdéhùn Libreville lórí páténtì ní 1962. Àdéhùn Bangui ti 1977 ni ó rọ́pò rẹ̀, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà ní Yaoundé. Bí wọ́n ti tún àdéhùn yìí ṣe ní 1999, gbogbo ohun tí aráyé ti lè mọ̀ ṣáájú ni a ó fi wọn ìhùmọ̀, ibi yòówù kó ti wá, ọ̀nà yòówù kó gbà jáde, ìbáà jẹ́ láti ẹnu. Ó túmọ̀ sí pé ní Borgou, ẹni tí òfin ń pè ní onímọ̀ iṣẹ́ kò lè ṣàìjẹ́ obìnrin tó ń ṣe òrí. Amẹ́ríkà kò rí i bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́: títí di oṣù kẹta 2013, ìlò tó wáyé ní ilẹ̀ òkèèrè kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀, àfi bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tàbí tí a ti gba páténtì lórí rẹ̀.

Kẹ́mísírì òde òní ni ó mú ọ̀rọ̀ náà díjú. Irun tó ti bàjẹ́ máa ń gbé agbára iná òdì, èròjà tó ní agbára iná òdìkejì rẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹnìkan bá po irú èròjà bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ òrí, ṣé ìhùmọ̀ ni, àbí ohun tí onímọ̀ iṣẹ́ yóò ṣe láìjanpata? Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ wáyé ní Amẹ́ríkà láàárín ilé-iṣẹ́ Liqwd àti L'Oréal, lórí èròjà maleic acid tí a fi ń dáàbò bo irun nígbà tí a bá ń bó àwọ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ páténtì ti sọ pé ohun tó hàn gbangba ni, ṣùgbọ́n ní 2019 ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ náà padà, ó ní ìgbìmọ̀ náà kò yẹ kó pa ẹ̀rí tó fi hàn pé wọ́n ṣe àdàkọ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ti Yaoundé, bí ìwé ṣe pé ni ọ́fíìsì ibẹ̀ ń wò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fúnni ní páténtì; nígbà náà, ẹni tó bá rò pé ìhùmọ̀ kan kò ju ohun tí a ti ń ṣe ní Parakou lọ ní láti gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí ó sì kó àwọn obìnrin tó mọ iṣẹ́ náà lọ jẹ́rìí.