Ilé àti Ọtí nínú Ìtàn Johannesburg

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá fi òwe yìí wo ìtàn ọtí ní Johannesburg, ìlú tí wúrà bí ní ọdún 1886, ohun kan yóò hàn kedere: irú ilé tí wọ́n kó ènìyàn sí wà lára ohun tí ó sọ ọtí di bárakú fún un. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bárakú nílò ju oògùn lọ. Ó nílò ilé mìíràn.

Inú ọgbà òṣìṣẹ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí ń wa wúrà wá láti Mozambique, láti Basutoland tí ó di Lesotho lónìí, àti láti àwọn ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà fúnra rẹ̀. Inú ọgbà olódi ni àwọn ọ̀gá kó wọn sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú yàrá kan, láìsí aya, láìsí ọmọ, láìsí àgbà ilé tí yóò sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́. Ọtí líle di ìtura wọn. Àwọn ọ̀gá kò kọ́kọ́ lòdì sí i, nítorí òṣìṣẹ́ tí ó ti fi owó rẹ̀ mutí tán kò ní rí nǹkan kó lọ sílé. Yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ náà padà gé ọwọ́ ẹni tí ó pọ́n ọn. Òpìtàn Charles van Onselen, nínú ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1976, fi hàn pé ní àárín àwọn ọdún 1890, wọ́n fojú bù ú pé òṣìṣẹ́ dúdú 15 sí 25 nínú 100 ni ọtí kì í jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Nígbà náà ni àwọn oníwúrà ké gbàjarè sí ìjọba Transvaal, òfin tuntun sì ka títa ọtí fún ènìyàn dúdú ní àgbègbè ìwakùsà léèwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1897.

Òfin yí padà, ilé kò yí padà. Ọtí kàn bọ́ sí abẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí Ellen Hellmann ṣe ìwádìí ní Rooiyard, àgbàlá kan ní Doornfontein, ní ọdún 1933 sí 1934, ó rí i pé ọtí pípọn ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé fi ń kún owó oṣù ọkọ tí kò tó jẹun, bí ọlọ́pàá tilẹ̀ ń hú agolo ọtí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ṣí ilé ọtí fún àwọn ènìyàn dúdú, ó sì ń fi èrè rẹ̀ gbọ́ bùkátà àdúgbò wọn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Soweto dìde ní oṣù kẹfà ọdún 1976, àwọn ilé ọtí ìjọba wà lára ohun tí wọ́n dáná sun. Wọ́n ti rí ibi tí owó oṣù bàbá wọn ń wọlé sí.

Ní ọdún 1956 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SANCA sílẹ̀ láti gbógun ti ọtí àmujù. Ó sì ní ilé ìtọ́jú ní Johannesburg àti ní ìlú mìíràn. Ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè fọ májèlé kúrò lára. Ọjọ́ tí aláìsàn bá jáde ni ìṣòro ń bẹ. Àdúgbò àtijọ́ ni yóò padà sí, ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni yóò pàdé, ẹni tí ń ta nyaope, oògùn olóró tí heroin wà nínú rẹ̀, sì mọ ojúlé rẹ̀.

Nítorí àlàfo yìí ni ilé alájọgbé fún àwọn tí ó ti jáwọ́ ṣe wúlò. Àpẹẹrẹ tí a mọ̀ jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975 ní Silver Spring, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Paul Molloy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Oxford House sílẹ̀. Kò sí dókítà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀gá. Àwọn olùgbé ń fi ìbò ṣàkóso ilé, wọ́n ń dá owó ilé láàárín ara wọn, ẹni tí ó bá sì tún fi ẹnu kan ọtí tàbí oògùn olóró yóò kó jáde. Leonard Jason àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì DePaul tẹ̀ lé ènìyàn 150 tí wọ́n jáde ní ilé ìtọ́jú: wọ́n fi kèké kó ìdajì lọ sí Oxford House, wọ́n sì fi ìdajì sílẹ̀ sí ìtọ́jú ti tẹ́lẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2006 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún méjì, nǹkan bí 31 nínú 100 ní Oxford House ni ó tún ń lo ọtí tàbí oògùn olóró. Nínú àwọn yòókù, ó tó 65. Owó tí ń wọlé fún àwọn ti Oxford House lóṣù ju ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó yege, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò kéré.

Gúúsù Áfíríkà náà ti gba ọgbọ́n yìí wọlé. Òfin kẹ. 70 ti ọdún 2008, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2013, fi irú ilé bẹ́ẹ̀ sí ara ètò ìwòsàn, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ilé tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó lè di ọgbà òṣìṣẹ́ mìíràn: kí wọ́n há ènìyàn mọ́nú, kí wọ́n sì máa gbowó rẹ̀.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba tún fòfin de títa ọtí láti ọjọ́ 27, oṣù kẹta ọdún 2020. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń wá ọ̀pẹ̀ òyìnbó kiri láti fi pọn ọtí nílé, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin Rooiyard ti ń pọn tiwọn. Òfin lè ti ilé ọtí pa fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí òùngbẹ ọtí sì dé, ohun tí ó lè dá ọwọ́ ènìyàn dúró ni ẹni tí ó mọ irú òùngbẹ bẹ́ẹ̀ rí, tí ó ń gbé ní yàrá kejì, tí kò sì tíì sùn.