Ìwé Róòsì Wo Ló Mọ Ilẹ̀ Fulshear?

Ní 1824, nígbà tí Texas ṣì wà lábẹ́ Mẹ́síkò, Churchill Fulshear gba ilẹ̀ nítòsí odò Brazos. Orúkọ rẹ̀ ni ìlú wa ń jẹ́ títí dòní. Ọdún yẹn kan náà ni Redouté parí ìwé Les Roses ní Paris. Àwòrán inú rẹ̀ ò lẹ́gbẹ́. Ẹ wá a rí, kẹ́ ẹ fi gbádùn ojú yín. Àmọ́ tó bá di ká gbin òdòdó róòsì síbí, ìyẹn ò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ilẹ̀ ibí, amọ̀ tó wúwo ni. Omi kì í tètè fà níbẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin á mú kí àmì dúdú bo ewé róòsì, ewé á sì rẹ̀ dànù. Ìwé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ tútù ò mọ wàhálà yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn kan ní Texas ń kiri itẹ́ òkú àti ahoro ilé. Wọ́n ń gé ẹ̀ka róòsì àtijọ́ tó ṣì ń tanná láìsí ẹni tó ń bomi rin ín, wọ́n sì ń gbìn ín. Rose Rustlers ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé tó bá ilẹ̀ wa mu wá jáde: Antique Roses for the South tí William C. Welch kọ ní 1990, àti Landscaping with Antique Roses tí Liz Druitt àti G. Michael Shoup kọ ní 1992.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó ìwé, ẹ wo ibi tí ẹni tó kọ ọ́ ti ń gbin tirẹ̀. Àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ ò ní lọ bi ará Paris bí iṣu ṣe ń ta.